Òṣèré Tí Ojú Ìlú Fi Jọba

Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ikùn wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ohùn wọn á tẹ̀ lé e, kí àwọn fúnra wọn tó wá dé nígbẹ̀yìn. Irú wọn ni Ọ̀gá Àgbà Àjọ Tó Ń Yẹ Fíìmù Wò. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ kò le rárá. Kó máa wo fíìmù kọ̀ọ̀kan kí ará ìlú tó wò ó. Èyí tó bá dára, kó lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, èyí tí kò bá dára, kó lu òǹtẹ̀ pupa. Èyí tí òǹtẹ̀ pupa bá sì bà lé, ó parí nìyẹn, kò sí ilé sinimá tó gbọdọ̀ fi í hàn. Torí pé òun ló ń bá gbogbo ìlú wòran, ó sọ ara rẹ̀ ní Ojú Ìlú. Kì í ṣe àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Òun ló sọ ọ́, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sára mọ́tò, ó kọ ọ́ sára ife tó fi ń mu tíì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá ti paná báyìí, Ojú Ìlú á sùn.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o, n kò ní ó ń tòògbé. Oorun gidi ni, èyí tí ẹnu ń là sílẹ̀, tí itọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ètè sọ̀ kalẹ̀ sórí táì. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá lórí àga yẹn, kò tíì rí fíìmù kan kọjá ibi tí wọ́n ti ń to orúkọ. Ẹni méjì péré ló mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, nítorí bó ṣe ń sùn nílé náà nìyẹn. Ẹnì kejì ni obìnrin tó ń fi fíìmù hàn án, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Paná. Òkè, nínú yàrá tóóró kan tí ẹ̀rọ fíìmù wà, ni obìnrin yìí máa ń jókòó. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á yọrí lójú fèrèsé kékeré ibẹ̀, á ní, “Mo fẹ́ paná o, sà!”

Ojú Ìlú á dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, “Paná, kí ojú ó là!”

Kí iná tó kú tán, ojú ti pa dé.

Ẹ ó wá béèrè pé báwo ló ṣe ń mọ fíìmù tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ó rọrùn. Èyí tó bá jẹ́ kó sùn dópin, fíìmù ọmọlúàbí ni. Èyí tó bá jí i, ó ń da àlàáfíà ìlú rú. Báyìí ni fíìmù kan nípa àwọn olè tó fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan rìn wọ báńkì, tí wọ́n kó owó ibẹ̀ tán láìjẹ́ kí eku gbọ́, ṣe gba òǹtẹ̀ ewé. Wọ́n tilẹ̀ kó àwọn ọmọléèwé lọ wò ó. Ọmọ àbúrò Ìyá Paná, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi ọdún mẹ́ta ṣe fíìmù tirẹ̀ nípa agbẹ̀bí kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ilé. Nínú fíìmù náà, wọ́n bí ọmọ kan, ọmọ náà sì ké, bí ọmọ tuntun ṣe ń ké. Ojú Ìlú ta jí, àyà rẹ̀ já, ó pariwo pé, “Ta nìyẹn?” Òǹtẹ̀ pupa. Ọmọbìnrin náà sunkún títí, ó pa iṣẹ́ fíìmù tì, ó lọ ń bá wọn ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá Paná ní tirẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ku ọdún méjì tó máa fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á láti bá ọ̀gá jà.

Láràárọ̀, bí aago mẹ́wàá bá ti ń lù, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu ọ̀nà. Igbákejì ọ̀gá, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà bí kò bá sí nítòsí, á ṣílẹ̀kùn mọ́tò, á sáré ṣáájú, á fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu àga kí ọ̀gá tó jókòó.

“Kí ni Ojú Ìlú rí lánàá?” Ojú Ìlú ló ń béèrè.

“Ẹ rí ohun tí ojú wa ò tó o rí, sà!”

“Kí ló dé tí ojú yín ò tó o?”

“Ojú lásán ni tiwa, sà. Ojú tiyín ló ní òǹtẹ̀.”

“Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́.”

Iṣẹ́ wo? Ẹ má bi mí.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú: láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù láyé, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù? Àwọn kan ní Ojú-Idà ni, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀tá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí kò tilẹ̀ ṣe. Àwọn kan ní irọ́ ni, Omijé-Ò-Gbẹ ni, obìnrin tó lè fi ojú ọ̀tún sunkún kí tòsì máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí eré. Kò pẹ́, onígbàjámọ̀ kan fá orí oníbàárà dé ààbọ̀, ó gbọ́ ẹgbẹ́ tí oníbàárà náà wà, ó gbé abẹ sílẹ̀, ó ní kó máa gbé ààbọ̀ tó kù lọ sọ́dọ̀ Ojú-Idà. Tọkọtaya kọ ẹ̀yìn síra lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọsibítù, aláìsàn kan di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, ó ní, “Kẹ́ ẹ tó gún mi lábẹ́rẹ́ yẹn, ti ta lẹ̀ ń ṣe?”

Ìjà náà wọ ọ́fíìsì Ojú Ìlú pẹ̀lú. Akọ̀wé tó ń tọ́jú òǹtẹ̀ ewé ń ṣe ti Ojú-Idà, èyí tó ń tọ́jú òǹtẹ̀ pupa ń ṣe ti Omijé-Ò-Gbẹ. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n ju fáìlì lura wọn, ìgbà tí fáìlì tán, wọ́n gbé ohun tó kù lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n máa fi là wọ́n, ọ̀kan ti ní “KÒ DÁRA” pupa fòò níwájú orí.

Ìyẹn ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ náà pé Mínísítà ń bọ̀ wá bẹ àjọ náà wò lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó mọ ilé Mínísítà sì ní ti Omijé-Ò-Gbẹ ni Mínísítà, tó jẹ́ obìnrin, ń ṣe, ọkọ rẹ̀ ń ṣe ti Ojú-Idà, àwọn méjèèjì kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsinmi.

Ojú Ìlú pe ìpàdé. Ó dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀ lórí ikùn, kóòtù náà padà sókè.

“Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí ilé bá ṣókùnkùn, kí la fi ń ríran?”

“Iná, sà,” ni akọ̀wé òǹtẹ̀ pupa wí.

“Ojú!” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà sáré wí.

“Ojú! Ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ojú ni. Ta ló wá yẹ kó dá a? Lọ́jọ́ tí Mínísítà bá dé, èmi fúnra mi máa kéde òṣèré tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá tún jiyàn, òfin ló ń bá jà!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá jókòó tán, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Bó bá mú Ojú-Idà, Mínísítà á bínú. Bó bá mú Omijé-Ò-Gbẹ, ọkọ Mínísítà á bínú. Ó nílò ẹnì kẹta, kò sì mọ òṣèré kẹta. Ká sọ òótọ́, kò mọ ojú àwọn méjì àkọ́kọ́ pàápàá. Ló bá ránṣẹ́ pe Ìyá Paná.

“Ìyá Paná, ẹ mọ̀ pé mo mọ gbogbo wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo kàn fẹ́ dán yín wò ni. Nínú gbogbo òṣèré tí mo ti wò, ta ni kò lọ́tàá? Ẹni tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn, tí n kò lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ fíìmù rẹ̀ rí?”

Ìyá Paná rò ó. Ó ronú kọjá àwọn tó ń yìnbọn, àwọn tó ń sunkún, àwọn tó ń kọrin sókè. “Ẹni tẹ́ ẹ ò lu pupa mọ́ tiẹ̀ rí… Adákẹ́ nìkan ni, sà.”

“Adákẹ́!” Ojú Ìlú lu tábìlì. “Ẹnu mi lẹ ti gbà á!”

“Fíìmù mọ́kàndínlógún ló ti ṣe, sà, kò sì sẹ́ni tó rí i tí kò fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n sà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Adákẹ́ —”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, sà, àmọ́ kẹ́tẹ́ —”

“Ìyá Paná! Ṣé ẹ fẹ́ máa sọ fíìmù fún Ojú Ìlú ni?”

“Rárá o, sà.”

“Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n bá obìnrin náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Adákẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, elétí gígùn, tí bàbá arúgbó kan fi ń ru búlọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí fíìmù kan bá ti nílò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, òun ni wọ́n ń yá. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Adákẹ́ ni pé bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà sí i, kì í han, kì í ké rárá. Kò ṣe ariwo, kò jí Ojú Ìlú, òǹtẹ̀ ewé ní ìgbà mọ́kàndínlógún.

Ojú Ìlú kò lè dúró de ọjọ́ Mínísítà kí ọ̀rọ̀ náà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ti wà nílé iṣẹ́ rédíò.

“Ẹ̀yin ará ìlú, ìjà parí! Òṣèré tó ga jù láyé ni Adákẹ́! Ẹ má rò pé àròsọ ni mò ń sọ, ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi àti ẹ̀ ti jọ jókòó sídìí tábìlì kan, a jọ jẹun. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbádùn oúnjẹ ni! Ó fọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ lọ̀ mí. Mo ní, ‘Adákẹ́, ọkùnrin ní í fara dà á.’ Ó wò mí, kò fèsì. Ẹ gbọ́ o, kò fèsì! Òye nìyẹn! Ó wù mí kí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ìlú yìí máa hùwà bí Adákẹ́.”

Olóòtú ètò náà ti tẹrí ba sábẹ́ tábìlì, ó ní òun ń wá bírò.

Ìlú rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Wọ́n ní ọkùnrin yìí tí a ti ń pè ní aṣèyí-ó-wù-ú ló fọgbọ́n bú gbogbo wa, pé pẹ̀lú gbogbo ìjà wa, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sàn jù wá lọ. Ìjà tán lóòótọ́. Onígbàjámọ̀ pe oníbàárà rẹ̀ padà wá gba ààbọ̀ orí tó kù. Bí mọ́tò Ojú Ìlú bá ń kọjá, àwọn èèyàn á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á máa pariwo pé “Adákẹ́! Adákẹ́!” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa kí i láìjẹ́ pé ó ń bẹ̀rù òǹtẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Nínú ọ́fíìsì, gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Akọ̀wé òǹtẹ̀ pupa ní kí Bẹ́ẹ̀-ni-sà lọ sọ fún un.

“Èmi?” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí. “Bí ọ̀gá bá ní èèyàn ni, èèyàn ni. Ta lèmi tí mo máa mọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ju ọ̀gá lọ?”

Ìyá Paná tún gbìyànjú. Ó kọ ìwé pélébé kan, ó fi há àárín àwọn ìwé tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí. Ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú Ìlú kò kà á. Ó ti lu òǹtẹ̀ ewé mọ́ ọn: Ó DÁRA.

Ó fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ sí Adákẹ́. Ó gba yàrá fún un ní òtẹ́ẹ̀lì tó dára jù. Ó ní kí télọ̀ rán kóòtù àti ṣòkòtò olówó iyebíye fún un.

“Sà, báwo ni ìwọ̀n ẹ̀?” ni télọ̀ béèrè.

“Ta ni kò mọ bí Adákẹ́ ṣe rí? Lọ wọ̀n ọ́n!”

Télọ̀, tó jẹ́ ẹni tí kì í bá oníbàárà jiyàn, gbé okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó lọ wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Mínísítà jókòó níwájú, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti parí ìjà wọn, wọ́n ti tún ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ojú Ìlú sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Ó sọ bí òun àti Adákẹ́ ṣe jọ rin ìrìn àjò, bí Adákẹ́ ṣe sọ pé Ojú Ìlú nìkan ló mọ inú òun. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ayọ̀ ni. Ní àárín ọ̀rọ̀ náà, bàbá arúgbó oníbúlọ́ọ̀kù náà, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, yọ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà ìpè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Ojú Ìlú ṣe rí lẹ́tà yẹn, ó fò sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó gbá bàbá náà mọ́ra.

“Adákẹ́! Ọ̀rẹ́ mi! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o! Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa, sà,” ni bàbá náà wí, ó yà á lẹ́nu pé wọ́n mọ ìyàwó òun. “Àmọ́ èmi kọ́ ni Adákẹ́, sà. Ó wà níta, ó ń jẹ òdòdó.”

“Ó ń jẹ kí ni? Ẹ mú un wọlé!”

Bàbá náà súfèé. Adákẹ́ bá wọlé.

Télọ̀ yẹn mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fún un níyìn. Kóòtù dúdú, apá méjì níwájú, ṣòkòtò lẹ́yìn, ihò méjì fún etí nínú fìlà, táì funfun lọ́rùn. Adákẹ́ rìn gba àárín gbọ̀ngàn láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, bí ẹni tó ti lọ sí irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn náà lulẹ̀. Ọkọ Mínísítà ń lu itan rẹ̀. Mínísítà fi áńkáṣíìfù nu omijé, ó ní, “Ọ̀gá Àgbà! N kò mọ̀ pé ẹ lẹ́fẹ̀ tó báyìí!”

Ẹ gbọ́ mi. Bí ọkùnrin yìí bá ti rẹ́rìn-ín ni, ì bá wà lórí àga yẹn dòní. Mínísítà ti ju okùn sí i nínú kànga. Kó ṣáà di okùn mú ló kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ kì í rí ibi tí okùn bọ́ sí.

“Ta ló mú ẹran wọ gbọ̀ngàn mi?” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ lé e jáde! Níbo ni Adákẹ́ wà?”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

“Adákẹ́ nìyẹn, sà,” ni bàbá náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí.

“Èèyàn ni Adákẹ́! A jọ jẹun!”

Mínísítà gbé áńkáṣíìfù rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀gá Àgbà, ṣé ẹ ti wo fíìmù rẹ̀ rí?”

“Mọ́kàndínlógún ni, mà! Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin!”

“Èyí tí omi ti fẹ́ gbé ìyá arúgbó lọ ńkọ́? Báwo ló ṣe parí?”

“Ó parí… pẹ̀lú ọlá ńlá, mà.”

“Ta ló kú níbẹ̀?”

Ojú Ìlú wo Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń wo òrùlé. “Ẹni tó yẹ kó kú náà ni, mà.”

“Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀,” ni Mínísítà wí.

Òógùn bo Ojú Ìlú. Ó yí ká, ó na ìka sí fèrèsé kékeré tó wà lókè. “Ìwọ obìnrin yìí! Ìwọ lo tàn mí! Ìwọ lo sọ pé ọkùnrin ni! Wàá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lónìí!”

Ìyá Paná sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn náà jìn, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé pélébé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ti lọ ń ta oògùn, ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti sú u láti máa gbé e mì.

“Mà,” ó sọ fún Mínísítà, “mo gbìyànjú láti sọ fún wọn, wọ́n ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ síwèé. Ìwé náà nìyí.”

Mínísítà kà á sókè. “‘Sà, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Adákẹ́ o.’ Ó DÁRA.” Ó yí ìwé náà sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú. “Òǹtẹ̀ yín kọ́ nìyí?”

“Wọn kì í wo fíìmù, mà,” ni Ìyá Paná wí. “Bí mo bá ti paná ni wọ́n máa ń sùn. Ọdún mọ́kànlá. Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ kan wà tó ṣe fíìmù agbẹ̀bí, ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Torí pé ọmọ tuntun inú ẹ̀ ké, tó jí wọn lójú oorun, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ fíìmù náà.”

“Irọ́ ni!” Ojú Ìlú bú jáde. “Èmi? Kí n sùn? Ojú Ìlú? Ẹ gbé fíìmù náà wá! Ẹ fi í hàn níbí, lójú gbogbo ayé! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rí ojú tí kì í pa dé!”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ o. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un.

Ìyá Paná gun àtẹ̀gùn padà. Wọ́n gbé àga Ojú Ìlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mínísítà. Ó jókòó, ó la ojú bí ọ̀pọ̀lọ́. Láti òkè, ohùn obìnrin náà wá: “Mo fẹ́ paná o.”

Òkùnkùn ṣú. Agbẹ̀bí náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde ní ìdájí. Ojú Ìlú já ara rẹ̀ ní èékánná. Kẹ̀kẹ́ ń lọ, ìlẹ̀kẹ̀ omi ń kán sílẹ̀ lára ewé. Ojú Ìlú ge ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Agbẹ̀bí kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Kó tó kan ìkejì, Mínísítà ti gbọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń fa tábìlì lórí sìmẹ́ńtì. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Kò jí i. Ó kọjú síwájú, ó ń wo fíìmù náà lọ, gbogbo èèyàn ń wò ó lọ, títí tó fi dé ibi tí aboyún kan ti di ọwọ́ agbẹ̀bí mú, tí gbogbo gbọ̀ngàn há èémí sínú. Ọmọ bọ́ sílẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ké.

Ojú Ìlú fò sókè láàárín òkùnkùn. “Ta nìyẹn? Òǹtẹ̀ pupa! Ẹ gbé òǹtẹ̀ pupa wá!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló pa á jù. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá bú wọn. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn kàn ń wò ó, omijé sì wà lójú àwọn kan, nítorí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

“Ẹ jókòó, sà,” ni Mínísítà wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n ní Ojú-Idà, wọ́n ní Omijé-Ò-Gbẹ. Ẹni tó ṣe bí ẹni tó lajú fún ọdún mọ́kànlá tí ìjọba ò mọ̀, mo rò pé òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, iyàn ti tán.” Ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo fíìmù òun parí.

Nígbà tí wọ́n tanná, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mínísítà, ó ń fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ọwọ́ àga náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, lẹ́tà ìyọkúrò dé. Káfíńtà wá, ó fá Ojú Ìlú kúrò lára ilẹ̀kùn. Òǹtẹ̀ pupa kúrò lára fíìmù agbẹ̀bí, gbogbo ilé sinimá fi í hàn, ọmọ àbúrò Ìyá Paná sì fi ṣọ́ọ̀bù oògùn sílẹ̀, ó ti ń ṣe òmíràn. Ìyá Paná ṣiṣẹ́ ọdún méjì tó kù. Adákẹ́ padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Bàbá náà bọ́ kóòtù náà lára rẹ̀, ó fi bo búlọ́ọ̀kù nígbà òjò.

Ọkùnrin náà jókòó sílé. Àwọn tó máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà kò tò mọ́. Ní ọjọ́ kan ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi rí?”

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. “Ìgbà wo lo jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí rí, bàbá ọmọ mi?”

Ó fẹ́ dáhùn. Ó wá rí i pé òun ti la ẹnu kí obìnrin náà tó dé ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pa á dé.

Oṣù bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ òsì ya lójú pópó. Ó yà sọ́dọ̀ aránbàtà kan tó ń jókòó sábẹ́ páànù, ó bọ́ bàtà náà fún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ lásán. Awakọ̀ kan àti ẹni tó ń ta bátìrì wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n ń jiyàn. Ẹ ti mọ iyàn wo ni. Awakọ̀ ní Ojú-Idà, ẹlẹ́bátìrì ní Omijé-Ò-Gbẹ, ọrùn àwọn méjèèjì ti yọ iṣan.

“Bàbá, ẹ bá wa dá a,” ni awakọ̀ wí. “Ẹ̀yin àgbà, ta lẹ rò pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù?”

Ọkùnrin náà dìde. Àṣà ni. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó hú ikọ́, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi…” Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ síwájú, òkúta gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó padà jókòó.

“N kò mọ̀,” ló wí. “N kò tíì rí ìkankan nínú fíìmù wọn.”

Aránbàtà yọ ìṣó lẹ́nu. “Ìkankan?”

“Ìkankan. Mo máa ń sùn.”

Ẹlẹ́bátìrì bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà retí kí ìtìjú bo òun. Ìtìjú náà ta á díẹ̀, ó sì lọ.

“Kò burú,” ni aránbàtà wí, ó tún ń kan bàtà lọ. “Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ojú-Idà kan fún yín, ẹ ò ní sùn. Ọkùnrin kan ló lọ sójú ogun. Ọdún méje, kò sí lẹ́tà. Wọ́n ní ó ti kú. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ àbúrò ẹ̀. Ó wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn ọmọdé nínú ilé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn báyìí…”

Aránbàtà dánu dúró láti wá ìṣó. Bàtà ti parí, ó ti gbé e síwájú oní-bàtà, ti ẹlòmíràn ló ti mú. Ọkùnrin náà kò wo bàtà. Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ síwájú, kò dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó dúró títí aránbàtà fi rí ìṣó tó ń wá. Bí aránbàtà ṣe tún ń kan ìṣó láìparí ìtàn náà, ọkùnrin náà bi í pé:

“Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló wá ṣe?”